Honda Àtijọ́ ní Tejúoṣó: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Tí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọjà Tejúoṣó ní Yábà láàárọ̀, ẹ ó rí i pé alùpùpù tó ń kọjá kò pọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Àwọn tó ń gbé ẹrù jíṣẹ́ ló kù, àpótí ńlá lẹ́yìn wọn, fóònù níwájú wọn, Bajaj tàbí TVS láti Íńdíà ni wọ́n sì sábà máa ń gùn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè gbọ́ ohùn kan tó yàtọ̀, tó rọra ń kù lábẹ́ ariwo dánfó, kí ẹ sì rí Honda C70 kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, pẹ̀lú ike funfun fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó bo ojúgun ẹni tó gùn ún. Ọkọ̀ náà lè ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ á wò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà á wò ó, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí máṣíìnì bàbá wa!"

Ìbéèrè kan náà ni tèwe tàgbà máa ń bi ẹni tó gùn ún: báwo ló ṣe ṣì ń rìn? Kò sí awo kankan níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é rí i dájú pé nǹkan tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀, èyí tó bá sì bàjẹ́, sípánà mélòó kan àti sukudiráfà ti tó láti dé ibẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ yìí gbà pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lè máa gùn wọ́n lójoojúmọ́ ní Èkó. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó ra Bajaj tuntun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ọdún 1958 ni Honda gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Jàpáàn, Super Cub ni wọ́n pè é. Soichiro Honda ló mọ ti ẹ́ńjìnnì, Takeo Fujisawa ló mọ ti ọjà, Fujisawa yìí ló sì ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà á lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo wà, kí ọwọ́ kejì máa gbé àwo. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 49cc lọ. Wọ́n fi kún un díẹ̀díẹ̀, C70 dé, C90 dé, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tó fi máa di 2017, iye tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé ti pé mílíọ̀nù 100, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó ń lo ẹ́ńjìnnì, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin, tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń gbé ráìsì àti ṣàwámà kiri Yábà lónìí. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe Super Cub gan-an ni wọ́n ń ṣe, orí ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n kàn jókòó sí.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Honda dá ilé iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní 1979, Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà. Ọkọ̀ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé kánsù ni àwọn ènìyàn mọ C70 sí nígbà yẹn. Ìrísí rẹ̀ bá ìmúra wa mu pẹ̀lú: àárín rẹ̀ ṣófo, kò sí táǹkì tí ènìyàn máa gbẹ́sẹ̀ fò kọjá, nítorí náà ẹni tó wọ agbádá tàbí tó ró ìró lè gùn ún láìfi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Abẹ́ ìjókòó ni wọ́n ti ń rọ epo sí i. Ike funfun iwájú sì ń gba ẹrẹ̀ dúró kó má bàa ta sí ṣòkòtò.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kan tí Fujisawa sọ yẹn náà ló fà á tí kò fi sí kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì. Kílọ́ọ̀ṣì wà, àmọ́ inú ẹ́ńjìnnì ló jókòó sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń mọ ìgbà tó yẹ kó mú. Àwọn abọ́ pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tò léra, àwọn irin kéékèèké tó wúwo sì wà pẹ̀lú wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí pẹ̀lẹ́, àwọn irin yìí á sinmi, àwọn abọ́ á máa yọ̀ lára wọn, ọkọ̀ á dúró sójú kan bó tilẹ̀ wà nínú gíà. Bí ẹ bá lọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ẹ́ńjìnnì á yí kíákíá, àwọn irin náà á sá lọ sí etí, wọ́n á fún àwọn abọ́ pọ̀ mọ́ra, ọkọ̀ á gbéra. Agbára tó ń fa òkúta síta nígbà tí ọmọdé bá ń fi kànnàkànnà pò ó lókè orí náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì ló ni gíà. Ẹ fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ irin rẹ̀ mọ́lẹ̀, gíà kìíní wọlé. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kejì. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kẹta, ó tán. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, gìgísẹ̀ lẹ máa fi tẹ ẹ̀yìn irin náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé títẹ̀ tí ẹ tẹ irin yìí náà ló ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí ẹ sì yọ ẹsẹ̀ lójijì, ọkọ̀ á ta gìrì, ẹni tó wà lẹ́yìn á fi orí gbá yín lẹ́yìn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn máa ń rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò, bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe ń fún un ní epo díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fi ń mọ ẹni tó ti gun C70 rí nìyẹn, kó tó la ẹnu rẹ̀.

Nínú sílíńdà, nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra. Písítìnnì sọ̀ kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ta iná, epo jó, ó ti písítìnnì padà sísàlẹ̀. Èyí nìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń mú ọkọ̀ rìn. Písítìnnì tún gòkè, ó lé èéfín jáde gba síláńsà. Ọ́ìlì tó ń mú gbogbo eléyìí rọ̀ wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, kò sì tó lítà kan. Ibi tí ikú C70 ti sábà ń wá nìyẹn. Ọ́ìlì tó kéré báyìí máa ń tètè dúdú, kò sì sí fílítà onípépà bíi ti mọ́tò tó máa sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀, asẹ́ onírin lásán ló wà nísàlẹ̀. Nínú eruku àti góòsìlóò Èkó, kìlómítà 1,000 ni mo fi máa ń dà á nù. Mẹkáníìkì kan lè sọ pé ó ti yá jù. Owó ọ́ìlì kò tó owó písítìnnì.

Lẹ́yìn ọ́ìlì, iná ló kàn. Lára àwọn tó dàgbà jù, kọ̀ntáàtì ló ń pàṣẹ fún púlọ́ọ̀gì. Irin tíntìntín méjì ni, wọ́n wà lẹ́yìn ìdérí apá òsì ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń ya ara wọn. Ìgbà tí wọ́n bá ya gan-an ni iná ń ta lórí púlọ́ọ̀gì. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 0.3 sí 0.4 lọ. Kọ̀ntáàtì ń jóná díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dúdú, nígbà tó bá yá ẹ ó ta kíìkì títí, ọkọ̀ kò ní dáhùn. Àgbà mẹkáníìkì kò ní tú ẹ́ńjìnnì nítorí èyí. Á ṣí ìdérí yẹn, á yí fuláíwíìlì títí àlàfo náà á fi ṣí, á ki sáńpépà tó kúnná bọ̀ ọ́, á fà á lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, á fi aṣọ tó ní pẹtiróòlù nù ún. Àwọn mìíràn kì í wá òṣùwọ̀n rárá, páálí sìgá ni wọ́n máa ń kì sáàárín rẹ̀ láti fi wọn àlàfo. Kò pé lójú ìwé Honda, àmọ́ ọkọ̀ á gbé yín délé.

Bátìrì àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí, fóòtì 6 ni. Iná iwájú wọn máa ń di pupa rúsúrúsú tí ẹ bá dúró ní jọ́ńṣọ̀n, ó tún máa ń mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbéra, fèrè wọn sì ń dún bí ẹni tí òtútù mú. Ọ̀pọ̀ ló ti yọ kọ̀ntáàtì kúrò, wọ́n fi CDI, ẹ̀rọ tó ń ta iná láìsí kọ̀ntáàtì, àti bátìrì fóòtì 12 láti Ṣáínà rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́ máa ń bínú sí èyí. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá máa gba Ojúẹlẹ́gba kọjá lálẹ́ gbọ́dọ̀ ní iná tí awakọ̀ dánfó lè rí.

Fẹ́sípà ni ọ̀rẹ́ àtijọ́ kejì tí àwọn ènìyàn ń wá kiri. Ọdún 1946 ni ilé iṣẹ́ Piaggio bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Pontedera ní Ítálì. Corradino D'Ascanio tó yà á, oníṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni, kò sì fẹ́ràn alùpùpù rárá torí pé wọ́n ń dọ̀tí aṣọ. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, kó má bàa sí ṣéènì, ó sì fi páànù bo gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi kílọ́ọ̀ṣì àti gíà sí, ẹ ó fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sì lọ́ gbogbo ọwọ́ náà láti pààrọ̀ gíà. Ìgbésẹ̀ méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń ṣe ohun tí ti Honda ń ṣe ní mẹ́rin: gbogbo ìgbà tí písítìnnì bá gòkè ni iná ń ta. Kò ní ọ́ìlì nínú ikùn tó lè mú písítìnnì rọ̀, nítorí náà inú pẹtiróòlù lẹ ó da ọ́ìlì sí. Fún púpọ̀ nínú wọn, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìyẹn mìlílítà 100 nínú lítà 5 epo. Àwọn tó dàgbà jù ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rọ epo. Ẹni tó bá gbàgbé ọ́ìlì lọ́jọ́ kan péré, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì lójú títì, táyà ẹ̀yìn á sì le gan-an lójijì.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún Tejúoṣó, Honda ni mo máa mú. Fẹ́sípà rẹwà jù ú lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ kéré, íńṣì 8 tàbí 10, nígbà tí ti C70 jẹ́ 17. Kòtò tí Honda máa gùn kọjá, Fẹ́sípà lè wọ inú rẹ̀ lọ ráúráú. Páànù rẹ̀ náà kò fẹ́ràn afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Èkó. Ipáta máa ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń dúró sí, ọ̀dà tuntun á bò ó, ẹni tó rà á á sì rò pé òun ti jèrè.

Kí ló wá dé tí àwọn ọkọ̀ yìí fi dọ̀wọ́n? Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) kalẹ̀ ní 1986, mọ́tò tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, bọ́ọ̀sì kò tó, àwọn tó ní alùpùpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Bí ọ̀kadà ṣe gbòde nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn kò mọ àgbà. C70 tí tíṣà ń fi lọ ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ wá ń gbé ènìyàn méjì pẹ̀lú àpò gàrí láti òwúrọ̀ di alẹ́. Suzuki onígbésẹ̀ méjì àti Jincheng láti Ṣáínà gba ipò rẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó fi ẹ́ńjìnnì Honda CG125 ṣe àwòkọ tẹ̀lé e. CG125 yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1976, Honda mọ̀ọ́mọ̀ padà sí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń fi ọ̀pá ti fáàfù, torí wọ́n rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, àwọn ènìyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì kò sì lè fara da ìyẹn. Wọ́n mọ̀ wá dáadáa.

Òfin ni nǹkan kejì. Ní 2012, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Súrùlérè àti Lagos Mainland sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi mẹ́rin kún un, títí kan Múṣin. Nítorí náà, gbogbo àyíká Tejúoṣó, ọ̀tún àti òsì, wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọkọ̀ àdáni, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ládùúgbò yìí, ì báà jẹ́ àbúrò yín, torí ọlọ́pàá tó bá rí ènìyàn méjì lórí alùpùpù kò ní béèrè bóyá mọ̀lẹ́bí ni yín. Ẹ dé àṣíborí. Ẹ rí i pé lẹ́tà búlúù ti ọkọ̀ àdáni ló wà lórí nọ́ńbà yín, pé láísẹ́ǹsì yín ní Class A, àti pé orúkọ yín ló wà lórí ìwé. Wọ́n ti fọ́ ju 2,000 ọ̀kadà tí wọ́n gbà lọ ní 2022 yẹn, ẹ̀rọ tó ń fọ́ irin kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín Bajaj àná àti Honda 1979.

Ibi tí wọ́n ti ń rí irú ọkọ̀ báyìí kì í sábà jẹ́ Èkó. Ẹ̀yìnkùlé bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù, lábẹ́ páànù, tí adìyẹ ń yé sórí rẹ̀. Àwọn kan wà ní Òwòdé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí èyí tó ṣeé tún ṣe àti èyí tí wọ́n fẹ́ yọ́ ti jọ wà pa pọ̀. Tòkunbọ̀ náà ń gba Kútọnu wọlé. Páàtì kò ṣòro bí ènìyàn ṣe rò, torí Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra ṣì ń tú páàtì alùpùpù káàkiri Nàìjíríà, àwọn ará Ṣáínà sì ń ṣe ẹ̀dà ẹ́ńjìnnì C70 títí dòní. Ìjókòó rẹ̀, ẹ ra awọ ní Múṣin níbi tí wọ́n ti ń ta awọ bàtà, kí ẹ gbé e fún aránjókòó. Ní ti jákẹ́ẹ̀tì awọ àti bàtà tó bo kókósẹ̀, òkìrìkà Yábà ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára férémù àti èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ìka pa á: bí ojú ibẹ̀ bá rí ṣákiṣàki bí ibi tí wọ́n ha, ẹ máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n má tíì ta kíìkì rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ lè tan yín jẹ. Bó bá dáhùn, ẹ wo síláńsà. Èéfín funfun díẹ̀ tó tètè lọ kò burú. Èyí tó bá búlúù tí kò sì tán lára Honda, ọ́ìlì ló ń jó, ríìngì ti lọ. Ẹ gùn ún díẹ̀, kí ẹ fún bíréèkì iwájú. Orí C70 máa ń gbéra sókè díẹ̀ dípò kó tẹ̀ wálẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe fọ́ọ̀kì rẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Tó bá ń mì lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Gígùn ún lójoojúmọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, kò ní omi, nítorí náà tí góòsìlóò bá dì yín mọ́ abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, ẹ pa á. Bíréèkì rẹ̀ wà nínú àgbá, omi òjò lè wọ̀ ọ́; lẹ́yìn ẹ̀kún omi, ẹ rọra máa fún un bí ẹ ṣe ń lọ títí á fi gbẹ. Níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ gba orí irin rélùwéè kọjá, ẹ dojú kọ ọ́ tààrà, ẹ má gbà á ní ẹ̀gbẹ́, pàápàá nígbà òjò. Epo náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní oṣù kejì 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà Nàìjíríà, irú èyí sì máa ń jẹ rọ́bà tó wà nínú kabúrétọ̀ àtijọ́. Ẹ máa pààrọ̀ rọ́bà epo kó tó là. Lójú títì tó já gaara, lítà kan máa ń gbé C70 kọjá kìlómítà 40, èyí sì ti di ọ̀rọ̀ ńlá láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023.

Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín tó ti pẹ́ tí kò rìn, ẹ má ta kíìkì rẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ tú epo àtijọ́ dànù nínú táǹkì àti kabúrétọ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ọwọ́ rọra ti kíìkì náà wálẹ̀ láìdá púlọ́ọ̀gì padà. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ra ọ́ìlì tuntun, púlọ́ọ̀gì tuntun àti epo tó mọ́, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ṣì pè é, kó tó di pé onírin ń ná an.